Nọ́ńbà Ara Ọkọ̀ Kò Lẹ́nu, Àkọsílẹ̀ Ló Ń Bá A Sọ̀rọ̀

Ẹni tó bá ti ra mọ́tò tòkunbọ̀ rí á mọ ibi tí mò ń lọ. Kí owó tó jáde lápò, wọ́n á ka nọ́ńbà tó wà lára mọ́tò, wọ́n á fi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì wò ó bóyá ó ti ní jàǹbá rí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ṣé nọ́ńbà yẹn ló mọ̀ nípa jàǹbá? Rárá o. Ẹnì kan ló kọ ọ́ sílẹ̀, ẹlòmíì ló sì tọ́jú ohun tó kọ. Nọ́ńbà kàn dà bíi kọ́kọ́rọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ilẹ̀kùn, irin lásán ni.

Mi ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere tó ara àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ onígi àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà. Ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Old Town, ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ Old Town Canoe ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1900. Igi kédárì pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀ náà. Wọ́n á fi aṣọ kánfáàsì bò ó lóde, wọ́n á fi èròjà dí ojú aṣọ náà kí omi má bàa wọlé, lẹ́yìn náà ni wọ́n á kùn ún lọ́dà. Nínú ọkọ̀, lára igi tó tẹ̀ wá sókè ní orí àti ní ìdí rẹ̀, wọ́n á lu nọ́ńbà mọ́ igi.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí nọ́ńbà yìí tàn yín jẹ o. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà gígùn kan tí 17 tẹ̀lé e, ọdún 1917 kọ́ nìyẹn. Gígùn ọkọ̀ ni: ẹsẹ̀ bàtà 17. Kò sí ọdún kankan nínú rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí àwọn iléeṣẹ́ máa fi àmì iléeṣẹ́ àti ìgbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ sínú nọ́ńbà rẹ̀. Ti àtijọ́ kò ní irú ẹ̀.

Níbo wá ni ìtàn ọkọ̀ náà wà? Orí káàdì ni. Fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kọ gígùn rẹ̀, irú ọkọ̀ tó jẹ́, igi tí wọ́n fi ṣe etí rẹ̀, àwọ̀ ọ̀dà rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi kánfáàsì bò ó, ọjọ́ tó kúrò níléeṣẹ́ àti ibi tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Àwọn àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ báyìí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 1906, wọ́n sì dé àwọn ọdún 1970. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ wọ̀nyí ló wá ya àwòrán àwọn káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ti Carleton àti Kennebec, iléeṣẹ́ méjì tí àwọn náà ṣe ọkọ̀ ní Maine. Torí iṣẹ́ wọn, ẹni tó bá bá ọkọ̀ nínú àjà bàbá rẹ̀ àgbà lónìí lè mọ̀ pé ọ̀dà àwọ̀ ewé ló wà lára ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kó sì mọ oṣù tó kúrò níléeṣẹ́.

Síbẹ̀, ẹni tó gbọ́n kì í gba káàdì gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀dà bá ti dí ojú igi, 3 lè dà bí 8. Bẹ́ẹ̀ sì ni iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ka tiẹ̀, nọ́ńbà kan náà lè wà lára ọkọ̀ Old Town kó tún wà lára ti Kennebec. Nítorí náà, wọ́n á fi káàdì wé ọkọ̀. Bí káàdì bá ní ẹsẹ̀ bàtà 18, tí èyí tó wà nílẹ̀ jẹ́ 16, nọ́ńbà ọkọ̀ ẹlòmíì lẹ ń kà yẹn. Sáyẹ́ǹsì gan-an nìyí: ohun tí ìwé sọ àti ohun tí ojú rí gbọ́dọ̀ pàdé.

Ẹlòmíì á ní, "Ẹ ṣáà gbé igi ẹ̀ lọ sí láàbù, kí wọ́n fi carbon-14 mọ ọjọ́ orí ẹ̀." Ó dùn létí, àmọ́ kò lè ṣiṣẹ́ níbí. Lọ́dún 1987, darandaran Fúlàní kan tó ń gbẹ́ kànga kan ọkọ̀ igi mọ́lẹ̀ ní Dufuna, ìpínlẹ̀ Yobe. Carbon-14 ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọkọ̀ náà tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Ó ṣeé ṣe torí pé nínú nǹkan bí 5,730 ọdún, ìdajì carbon-14 inú igi á ti lọ. Àmọ́ nínú 100 ọdún, èyí tó lọ kò ju nǹkan bí 1 nínú 100 lọ. Tún wá wò ó pé carbon-14 inú afẹ́fẹ́ kò dúró sójú kan láàárín 1650 sí 1950, pàápàá nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú gan-an. Láàbù ò lè fi ọkọ̀ 1915 yàtọ̀ sí ti 1925. Káàdì tí akọ̀wé kan fi pẹ́ńsùlù kọ lè ṣe é ní ìṣẹ́jú kan.

Bí káàdì bá wá jóná ńkọ́? Ẹ wo ọkọ̀ Morris, tí wọ́n ń ṣe ní Veazie, ìlú tí kò jìnnà sí Old Town. Wọ́n kan nọ́ńbà mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lára lórí páálí idẹ kékeré. Lópin ọdún 1919, iná jó iléeṣẹ́ náà, àkọsílẹ̀ sì bá iná lọ. Nọ́ńbà ṣì wà lára idẹ, ó ń dán, àmọ́ kò sí ìwé tá a máa bi léèrè. Àwọn tó fẹ́ mọ ọdún ọkọ̀ Morris ní láti máa kó nọ́ńbà jọ níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa fi ọkọ̀ wé ọkọ̀, kí wọ́n tó lè fojú bù ú.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àwọn olówó tó fẹ́ ta ọkọ̀ àtijọ́ ní gọbọi ni gbogbo èyí. Mi ò gbà. Àbùkù tí nọ́ńbà ní gan-an ni pé iléeṣẹ́ nìkan ló ń rántí. Àwọn Penobscot, tí erékùṣù wọn dojú kọ ìlú Old Town, ti ń fi èèpo igi ṣe ọkọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí iléeṣẹ́ kankan tó dé, ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni ti oníkánfáàsì ti jáde. Ọkọ̀ wọn ò ní nọ́ńbà. Àmọ́ ẹnì kan, Edwin Tappan Adney, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wọn irú ọkọ̀ èèpo igi bẹ́ẹ̀, ó yà wọ́n, ó sì ṣe kékeré tó jọ wọ́n. Ó kú lọ́dún 1950. Ọdún 1964 ni ìwé tí wọ́n ti inú iṣẹ́ rẹ̀ ṣe jáde. Èyí fi hàn pé àkọsílẹ̀ lè dúró láìsí nọ́ńbà. Nọ́ńbà ni kò lè dúró láìsí àkọsílẹ̀.

Nítorí náà, bí ohun àtijọ́ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ìbáà ṣe ọkọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí rédíò, ẹ má tètè fa sánpépà yọ. Sánpépà tó ń mú igi dán á há nọ́ńbà lọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ẹ tẹ́ bébà lé e kí ẹ fi pẹ́ńsùlù ra á, nọ́ńbà á yọ.

Àwọn tó ń fi pákó ṣe ọkọ̀ ṣì wà létí ọ̀sà wa, ní Mákòkó àti Ẹ̀pẹ́. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ tọrọ àyè, ẹ ya ọkọ̀ kan, ẹ wọn gígùn rẹ̀, ẹ bi wọ́n irú igi tó jẹ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ òní sí i. Ẹ wá tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò ní bá fóònù kú.