Àìsàn Ọpọlọ: Òfin Ti Wà, Ìtọ́jú Ni Kò Tíì Dé Ilé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fún ọmọ ènìyàn ní làákàyè. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ kéwú wa, bí ibà bá mú ọmọ, kíá ni a ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí ọpọlọ rẹ̀ bá dàrú, a ó ti ilẹ̀kùn kí aládùúgbò má baà gbọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le tán, ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò fi ẹ̀wọ̀n dè é ni ẹlòmíràn ń gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa àáfà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde nínú ìyà ní Ọjọ́ọ̀, Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe ti Mùsùlùmí. Bẹ́ẹ̀ Ànábì wa ti kọ́ wa pé a kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò sí. Ẹni tí Ọlọ́hun kò kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn, kí ni àwa ń nà án fún?

Àwọn Mùsùlùmí ìṣáájú ṣe jù báyìí lọ. Ní ọdún 1284, Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan sí ìlú Káírò, tí àyè wà nínú rẹ̀ fún àwọn aláìsàn ọpọlọ. Ó sì ya dúkìá sọ́tọ̀ ní wákáfù, kí owó ìtọ́jú má baà wọ́n.

Ní Nàìjíríà, òfin tí àwọn Òyìnbó amúnisìn gbé kalẹ̀ ní ọdún 1916 ni ìpìlẹ̀ ohun tí a ń lò fún ọ̀rọ̀ wèrè, títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun. Òfin yìí fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́, ó sì ní kí àpò owó kan wà fún ìtọ́jú ọpọlọ. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin tirẹ̀ ti ọdún 2018.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìkòsì bá dìde lóru, tí ó ní òun yóò pa ara òun, ta ni ìyá rẹ̀ yóò ké sí? Lóòótọ́, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti wà ní Yábàá láti ọdún 1907, ṣùgbọ́n dánfó wo ni yóò gbé ẹni tí ó ń jà dé ibẹ̀ lóru? Ohun tí a ń bẹ ìjọba Èkó ni pé kí owó àti òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ yìí dé àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ìjọba ní Kétu, Ìkòsì àti Mile 12, kí ọkọ̀ sì wà tọ̀sán-tòru.

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. A kò ní kí ẹnikẹ́ni pa rúkíyà tì. Kí àáfà ka Àlùkùránì, kí dókítà fún un ní oògùn, nítorí Ànábì pa á láṣẹ kí á máa wá ìwòsàn. Àáfà tí ó bá rí ẹni tí kò sùn, tí kò jẹun, tí ó ń dárúkọ ikú, kí ó tètè ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí mọ́ṣáláṣí sì máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú sàráà ọjọ́ Jímọ̀ fún owó oògùn àwọn tí kò ní.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ yé sọ òkúta lu wèrè inú ọjà. Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tí ẹ ń fi rẹ́rìn-ín yẹn, ẹnì kan ló bí i.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ làákàyè wa, kí Ó wo àwọn aláìsàn wa sàn. Àmín.