Olùkọ́ Àwọn Ọmọ Àkàndá Dà?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, òfin tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 pàṣẹ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ ní, ó kéré tán, ẹnìkan tí a kọ́ ní iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ àkàndá. Ẹ wo ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò yín. Ẹni náà dà?

Kì í ṣe pé kò sí ibi tí ọ̀dọ́ ti lè kọ́ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni sílẹ̀ fún un ní Ọ̀yọ́; Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Jos náà sì ń kọ́ni. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ́ èdè ọwọ́ tí a fi ń bá adití sọ̀rọ̀, ìwé tí afọ́jú ń fi ìka kà, àti ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba ẹ̀kọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Olùkọ́ ni kò tí ì rí.

Àwọn òbí kan a máa sọ pé iṣẹ́ àánú lásán ni. Rárá o! Iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Adití ni òun fúnra rẹ̀.

Kí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ wa, láti Sókótó dé Calabar, bi kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ wọn léèrè: irú olùkọ́ yìí mélòó ni ẹ gbà sí iṣẹ́ lọ́dún yìí? Kí wọ́n má sì gbà wọ́n tán, kí wọ́n wá rán wọn lọ máa kọ́ ìṣirò níbi tí kò sí ọmọ àkàndá kankan.