ÌKÌLỌ̀ PÀTÀKÌ: ẸNIKẸ́NI KÓ MÁ ṢE JẸ ẸJA ODÒ TÍ KÒ JINNÁ

Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ fetí sílẹ̀! Aràn wà nínú ẹja odò tó lè dá ihò sí ìfun ènìyàn láàárín ọjọ́ kan.

Nígbà tí ẹ bá la ikùn ẹja àrọ̀, ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá rí ohun pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó ká jọ mọ́ ìfun tàbí tó há sínú ẹran, tó ń yíra bí ọ̀bẹ ṣe kàn án, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aràn tí wọ́n ń pè ní Eustrongylides. Àwọn onímọ̀ ti rí i nínú ẹja àrọ̀ ní àbàtà Bida, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Lọ́dún 1982, ní Maryland, Amẹ́ríkà, àwọn apẹja kan gbé ẹja wẹ́wẹ́ mì láàyè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, inú ti ń run àwọn mẹ́ta burúkú-burúkú. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi yọ aràn náà lára àwọn méjì.

Aràn mìíràn ni Gnathostoma, tó wọ́pọ̀ ní Thailand, tí àwọn àlejò sì ti kó ní Okavango, ní Botswana. Abẹ́ awọ ni òun ti máa ń rìn. Ara á wú níbí, á rọ̀, á tún wú níbòmíràn. Bó bá wọ ojú, ó lè fọ́ ọ. Bó bá dé ọpọlọ, ó lè pa ni.

Ẹ má sọ pé àwa kì í jẹ ẹja ní tútù. Èyí táwọn ọmọ ń sáré yan létí odò, tí ara rẹ̀ ti jóná, tí ìdí egungun rẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Sushi tí ẹ̀yin ará London ń fi ẹja odò ṣe nílé ńkọ́? Ọsàn wẹ́wẹ́, ata àti ògógóró kò tó aràn wọ̀nyí pa.

Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ kó ìfun ẹja jáde kíá. Bó bá pẹ́, aràn lè kúrò níbẹ̀ wọnú ẹran. Ẹ má sọ ìfun náà sí ajá, ológbò tàbí odò.
2. Ẹ sè é, ẹ dín in tàbí ẹ yan án títí ẹran á fi ṣí kúrò lára egungun, láìsí ẹ̀jẹ̀. Ẹja tó bá jinná dénú, aràn inú rẹ̀ ti kú.
3. Ẹni tó bá ṣì ta kú pé òun á jẹ ẹ́ láìsè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi í sínú òtútù ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius fún ọjọ́ 7 gbáko. Fíríísà tí iná ọba ń lọ tó ń bọ̀ kò ṣeé gbára lé.
4. Ẹ fọ ọ̀bẹ àti pátákó tí ẹ fi gé e kí ẹ tó gé nǹkan mìíràn.

Bí inú bá ń run yín lẹ́yìn tí ẹ jẹ ẹja tí kò jinná, ẹ má mu àgbo, ẹ má ra oògùn aràn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ jẹ fún dókítà láìfi nǹkan kan pamọ́.