Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

“Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.” Òwe yìí kò béèrè àlàyé gígùn: èyí tí ojú rí nínú ọ̀rọ̀ kan kéré sí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìkìlọ̀ ni àwọn àgbà fi ń ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ fi ìwàǹwára dájọ́. Ṣùgbọ́n ìwàǹwára gan-an ni àwọn kan ń fi òwe náà ṣe lóde òní, pàápàá àwọn tó ń tú inú géèmù àtijọ́ wò lórí kọ̀ǹpútà. Ẹnìkan á ṣí kóòdù géèmù gọ́ọ̀fù tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń tà á, á bá mẹ́nù kan níbẹ̀ tí ọwọ́ ẹni tó rà á kò lè tó, á sì figbe bọnu: “Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún wa!” Fídíò á jáde, àwọn tó wò ó á sì máa bú iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù náà bí ẹni tó ká olè mọ́lé. Ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Irinṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ohun tí wọ́n ń bá lẹ́yìn ẹ̀fà wọ̀nyẹn. Tí ìrẹ́jẹ bá wà nínú ọ̀rọ̀ géèmù gọ́ọ̀fù, ohun tí wọ́n yọ kúrò kí géèmù tó dé ọwọ́ oníbàárà ló yẹ kí a wò, ìyẹn ni kò sì sẹ́ni tó ń fi pariwo.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí irinṣẹ́ náà ṣe dé ibẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù gọ́ọ̀fù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì kí bọ́ọ̀lù tó gbéra. Títẹ̀ àkọ́kọ́ á mú kí ìlà agbára bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìkejì á sọ bí ìgbá náà yóò ṣe le tó. Ìkẹta, nígbà tí ìlà náà bá ń padà bọ̀, ni yóò fi orí igi kan bọ́ọ̀lù. Bí ìkẹta bá yá jù tàbí tó pẹ́ jù, bọ́ọ̀lù á yà bàrá, ó di inú igbó, inú yanrìn tàbí inú omi. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti wà nínú Golf tí Nintendo gbé jáde fún ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, Famicom, ní Jàpáánì ní 1984. Satoru Iwata ló kọ kóòdù rẹ̀ nígbà tó wà ní HAL Laboratory, ó sì kó gbogbo ihò 18 sínú kátíríìjì tí àyè inú rẹ̀ kò tó ti fọ́tò kan ṣoṣo lórí fóònù òde òní.

Ẹni tó ń kọ irú géèmù bẹ́ẹ̀ ní láti rí i dájú pé bọ́ọ̀lù ń yí bó ṣe yẹ lórí koríko ihò kẹtàdínlógún, pé atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn ń gbé e síwájú, àti pé bọ́ọ̀lù tó bọ́ sómi kò ní mú kí ẹ̀rọ dákú. Bí kò bá sí ọ̀nà àbùjá, yóò máa gbá ihò mẹ́rìndínlógún kọjá ní gbogbo ìgbà tó bá ti yí nọ́ńbà kan padà. Kò sẹ́ni tó máa fi ayé rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú iṣẹ́ wọn: wọ́n á di bọ́tìnnì méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á bá ara wọn ní ihò tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n á yí atẹ́gùn padà, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù síbi tó wù wọ́n, láìgbá a. Ohun tí wọ́n ń pè ní debug kò ju ìyẹn lọ.

Ìbéèrè tí àwọn olùfẹ̀sùnkàn máa ń bi ni pé, tí iṣẹ́ bá ti parí, kí ló dé tí wọn kò yọ ọ́? Ìdáhùn rẹ̀ kò ní awo nínú. Kóòdù inú kátíríìjì so kọ́ra. Bí wọ́n bá gé apá kan kúrò, ibòmíràn lè ṣípò, àṣìṣe tí kò sí tẹ́lẹ̀ lè yọjú, wọ́n á sì ní láti yẹ gbogbo géèmù wò láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń tẹ kátíríìjì ti ń dúró. Ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ láti dí ọ̀nà tó já síbẹ̀, kí wọ́n fi ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Òwú tí télọ̀ kọ́kọ́ fi pa aṣọ pọ̀ kí ó tó rán an lè ṣẹ́kù sábẹ́ ìgbátí agbádá. Ẹni tó bá tú ìgbátí náà tó rí òwú kò ní tìtorí ìyẹn pe télọ̀ lólè. Kazuhisa Hashimoto ṣe irú rẹ̀ ní Konami nígbà tó ń gbé géèmù Gradius wá sórí Famicom ní 1986. Géèmù náà le jù fún òun fúnra rẹ̀, ló bá kọ àtòpọ̀ bọ́tìnnì kan tó ń fún un ní ohun ìjà lójú ẹsẹ̀, kí ó lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò dé òpin. Àtòpọ̀ náà bá géèmù lọ sọ́jà, àwọn ọmọdé wá a rí, òkìkí rẹ̀ sì kàn kárí ayé. Orúkọ Konami ni wọ́n ń fi pè é títí dòní, kò sì sẹ́ni tó sọ pé Hashimoto rẹ́ òun jẹ.

Àwọn kan ní irú ọ̀nà ẹ̀bùrú bẹ́ẹ̀ ń kọ́ àwọn èèyàn ní màgòmágó. Ta ni ẹni tó jókòó nìkan ní yàrá rẹ̀, tó ń bá Mario gbá gọ́ọ̀fù, fẹ́ ṣe màgòmágó fún?

Ìgbà mìíràn wà tí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà kì í tilẹ̀ í ṣe irinṣẹ́, tó jẹ́ pé ọ̀wọ̀ ni. Iwata tó kọ Golf yẹn ló di ààrẹ Nintendo ní 2002. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2015, lẹ́ni ọdún 55. Nígbà tí ẹ̀rọ Switch jáde ní 2017, àwọn tó tú inú rẹ̀ wò bá Golf ti 1984 níbẹ̀, lábẹ́ orúkọ “flog”. Kò sí nínú ohunkóhun tí wọ́n polówó. Ọjọ́ inú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹ́ 11 oṣù Keje. Ẹni tó ń lò ó á mú Joy-Con méjèèjì, ìyẹn ohun ìdarí ẹ̀rọ náà, lọ́wọ́, á wá na ọwọ́ méjèèjì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, bí Iwata ti máa ń ṣe nígbà tó bá ń bá àwọn òǹwòran sọ̀rọ̀ nínú fídíò Nintendo Direct. Golf á ṣí. Nígbà tó ṣe, àtúnṣe tí Nintendo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ náà yọ ọ́ kúrò. Àwọn tó ń pariwo “wọ́n fi pa mọ́” kò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe sí èyí, nítorí ohun tí wọ́n fi pa mọ́ náà lẹ́wà ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń gbé sórí àtẹ lọ.

Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ ni ti Tiger Woods 99 PGA Tour Golf, èyí tí Electronic Arts ṣe fún PlayStation. Ẹni tó bá ki díìsìkì rẹ̀ bọ PlayStation á gbá gọ́ọ̀fù rẹ̀ láìrí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ki í bọ kọ̀ǹpútà á rí fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ zzdummy.dat, bí ẹni pé kò sí nǹkankan nínú rẹ̀ ju ohun tí wọ́n fi dí àyè lọ. Fídíò ló wà níbẹ̀: eré àwòrán kékeré tó ṣíwájú South Park, tí Jésù àti Bàbá Kérésì ti ń bá ara wọn jà, tí èébú ibẹ̀ kò sì ṣeé gbọ́ létí ọmọdé. Òṣìṣẹ́ ló ki í síbẹ̀. Ní oṣù Kíní ọdún 1999, Electronic Arts ní kí wọ́n dá nǹkan bí 100,000 díìsìkì náà padà. Níbí, òwe náà bá ẹni tó yẹ kó bá wí. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n rí i, iléeṣẹ́ gbà, díìsìkì padà. Ohun tó fara pa mọ́ sínú géèmù ní ibi tí ẹnìkan lè ká a mọ́. Ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá kò ní.

Ọ̀rọ̀ ohun tí kò sí níbẹ̀ ló gbé ìyàtọ̀ ilẹ̀ sí ilẹ̀ wá. Àwọn agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ní òwe tiwọn níbí: “Bí wọ́n ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.” Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Géèmù tí Camelot ṣe fún Sony ní 1997 ń jẹ́ Minna no Golf ní Jàpáánì, ó ń jẹ́ Everybody's Golf ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà sì fún un ní Hot Shots Golf. Ọdún 2017 ni Amẹ́ríkà tó gba orúkọ Everybody's Golf. Orúkọ kì í dín ihò kù nínú pápá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ìlú náà kò ṣeé dá lẹ́bi. Nígbà náà, tẹlifíṣọ̀n Jàpáánì àti ti Amẹ́ríkà máa ń ya àwòrán ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti àwọn ilẹ̀ tó ń lo ètò tẹlifíṣọ̀n PAL, bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti Nàìjíríà, máa ń ya ìgbà 50. Bí àwọn tó kọ géèmù kò bá tún ìṣirò wọn ṣe, ìlà agbára tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá kan láti sáré dé òkè ní Tokyo á gba ìṣẹ́jú àáyá kan àti ìdá kan nínú márùn-ún ní London. Ọmọ London á rí àyè tẹ bọ́tìnnì ju ọmọ Tokyo lọ, láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣe òun lóore, bẹ́ẹ̀ ni orin inú géèmù á máa wọ́ lọ bí ẹni tó ń tòògbé.

Òwe èèwọ̀ yìí kò lè gba Nintendo sílẹ̀, ṣá o, lórí géèmù gọ́ọ̀fù tó gbé jáde ní 1991. Ní Jàpáánì, Mario Open Golf lorúkọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí Famicom ti ń jẹ́ NES, ó di NES Open Tournament Golf. Mario tó wà lára páálí ti Amẹ́ríkà wọ aṣọ aláwọ̀ àsíá wọn, ìràwọ̀ àti ìlà rẹ̀ pé. Ìyẹn dára; Amẹ́ríkà fẹ́ràn àsíá rẹ̀. Àmọ́ pápá márùn-ún ló wà nínú ti Jàpáánì, tí Faransé àti Ọsirélíà wà lára wọn. Mẹ́ta péré ló wà nínú ti Amẹ́ríkà: pápá Amẹ́ríkà, ti Jàpáánì àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ihò 90 fún àwọn kan, 54 fún àwọn yòókù. Èèwọ̀ ilẹ̀ wo ló ní kí ọmọ Amẹ́ríkà má gbá gọ́ọ̀fù ní Faransé? Wọ́n máa ń sọ pé ti Jàpáánì le jù, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ bá a pàdé á jù ú sílẹ̀. Ó le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pápá tó le ṣeé fi sẹ́yìn kí ẹni tó bá dáńgájíá lè bá a níbẹ̀. Kì í ṣe ìdí láti yọ ọ́ dànù.

Ìgbà tí Nintendo fi géèmù mẹ́wàá láti inú NES tọrẹ fún àwọn tó tètè ra ẹ̀rọ 3DS ní 2011, NES Open Tournament Golf wà nínú èyí tó kàn Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, pẹ̀lú pápá mẹ́ta rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, iléeṣẹ́ náà gbé àwọn ẹ̀rọ kékeré méjì jáde, géèmù 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: Famicom Mini fún Jàpáánì, NES Classic Edition fún Amẹ́ríkà. Mario Open Golf wà nínú ti Jàpáánì, pápá márààrún. Géèmù gọ́ọ̀fù kankan kò sí nínú ti Amẹ́ríkà.