Ọ̀bẹ Àpò Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Gbé Lọ sí IVC

Ẹ̀yin òbí, bí Disẹ́ḿbà bá ti ń súnmọ́ tí àwọn ọmọ ń múra IVC ti MSSN, ọ̀bẹ kékeré tó ṣeé ká kì í wọ́n nínú ẹrù wọn. N kò ní kí wọ́n má gbé e. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n fi ń gé èékánná, òun ni wọ́n fi ń bó ọsàn, òun náà ni wọ́n á tún fi pa adìẹ.

Ẹ wo ibi tí irin ti wọ inú èèkù. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ọsàn a máa há síbẹ̀, kànìnkànìn kì í sì í débẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọjà Odò-Ogbè láti ra ọ̀kan, ẹ ṣí i wò bóyá omi lè gba inú rẹ̀ kọjá. Irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ mú, èyí tó ní ìkọ́ tó ń di irin mú bí a bá ti ṣí i. Èyí tí kò ní ìkọ́ lè padé mọ́ ọmọ níka.

Ti adìẹ yẹn, Ànábì (SAW) ní kí ẹni tó fẹ́ pa ẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ kí ẹran má bàa jìyà. Ọ̀bẹ ìdáná gidi ló yẹ iṣẹ́ yẹn.

Bí ọ̀bẹ bá gé ọmọ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ojú ọgbẹ́, kí wọ́n sì béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìpẹtà ló ń fa àrùn náà. Kòkòrò inú iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni. Ọ̀bẹ tó ń dán, tó ṣáà ti bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lè gbé e wọ ara.

Èékánná ńkọ́? Ẹ ra néèlì kọ́tà fún un.