Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọbìnrin Wa Gbé Irin

Bí ènìyàn bá dúró lẹ́nu ọjà Ojúwoyè ní Muṣin ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, yóò rí àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, tí wọ́n ń ru ẹrù tí ọrùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú èjìká. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì ni, àpò ìrẹsì ni. Kò sí àgbàlagbà kan tí yóò dá ọ̀kan nínú wọn dúró kí ó wí fún un pé, “Ọmọ mi, sọ ẹrù yìí kalẹ̀, kí ilé ọmọ rẹ má baà bàjẹ́.” Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí kan náà bá lọ kọ́ eré irin gbígbé ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò a di oníṣègùn. Wọn a ní kò ní lè bímọ mọ́. Wọn a ní àyà rẹ̀ yóò le bí ti ọkùnrin, ta ni yóò sì fẹ́ ẹ?

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, nítorí pé ẹ̀yin mọ ohun tí obìnrin lè gbé ju ará Èkó lọ. Obìnrin tí ó ru igi láti oko dé ilé, tí ó sì tún gún iyán alẹ́, kì í ṣe ẹni tí irin yóò pa. Kò sí ẹ̀rí kankan pé eré náà ń ba ilé ọmọ jẹ́. Egungun ni ó ń mú le. Nígbà tí ẹrù jẹ́ tiwa, ẹ̀rù kò bà wá nítorí rẹ̀. Ìgbà tí ẹrù di tirẹ̀, tí ògo yóò sì jẹ́ tirẹ̀, ni ìbẹ̀rù dé.

Ní ọdún 2000 ni a kọ́kọ́ gba obìnrin láyè láti gbé irin níbi ìdíje Òlíńpíìkì, ní Sydney, ilẹ̀ Ọsirélíà. Lọ́dún náà gan-an ni Ruth Ogbeifo, ọmọ Nàìjíríà, gbé àpapọ̀ kílò 245. Obìnrin Kòlóńbíà kan àti obìnrin Taiwan kan gbé iye kan náà gẹ́lẹ́. A wá wo ìwọ̀n ara àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ará Kòlóńbíà sì gba wúrà nítorí pé òun ni ó fúyẹ́ jù. Fàdákà ni tiwa.

Ní ọdún 2022, níbi ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Birmingham, Adijat Olarinoye jáde láàárín àwọn tí ìwọ̀n ara wọn kò ju kílò 55 lọ. Ó já kílò 92 sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tún gbé 111 lé èjìká, ó sì tì í sókè. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 203. Ti Bindyarani Devi, ọmọ Íńdíà, jẹ́ 202. Kílò kan péré ni a fi gba wúrà! Ẹ rò ó wò ná: obìnrin tí kò fi ohun púpọ̀ wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ, ó gbé èyí tí ó ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ sókè orí rẹ̀. Níbi ìdíje yìí kan náà ni Rafiatu Folashade Lawal ti gbé 206, tí òun pẹ̀lú sì gba wúrà. Ní ọdún 2024, ní Paris, ipò karùn-ún ni ó wà láàárín àwọn alágbára gbogbo ayé.

Àwọn kan ń wí pé eré yìí kì í ṣe ti ìran wa. Bọ́ọ̀lù ńkọ́, ìran ta ni ó jẹ́? Ní ọdún 2018, Seun Adigun, ẹni tí ó ti sáré fún Nàìjíríà ní London ní 2012, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Kòríà láti wa ọkọ̀ tí ń yọ̀ lórí yìnyín. Àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ níbi Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Yìnyín kan kò sí ní Muṣin, àfi èyí tí àwọn tí ń ta omi tútù kó sínú kúlà. Ṣùgbọ́n irin kò wọ́n wa.

Àwọn ìyá Mùsùlùmí ń ṣe àníyàn nípa aṣọ tí ń fi itan hàn, wọn kò sì jẹ̀bi. Kí wọn mọ̀ pé láti ọdún 2011 ni àjọ àgbáyé tí ń ṣàkóso eré náà ti gbà kí obìnrin wọ aṣọ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ewu tí ó tó ẹ̀rù wà, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ó wà. Ní ọdún 2014, ní Glasgow, a gba wúrà padà lọ́wọ́ ọmọbìnrin wa kan, nítorí pé a bá oògùn èèwọ̀ nínú ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni. Àwọn àgbàlagbà ni ó yẹ kí wọn máa ṣọ́ ohun tí ń wọ ẹnu ọmọ ọdún 16. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ni ọkùnrin tí ń dá nìkan wà pẹ̀lú ọmọbìnrin nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kì í ṣe irin nìkan: a ń béèrè olùkọ́ni obìnrin, ìlẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀, àti àyè fún ìyá láti jókòó wò.

A kò gbọdọ̀ dúró de ilé ńlá. Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, tí a kọ́ fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ti ọdún 1973, tí a sì gbá àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà níbẹ̀ ní 2000, ni a fi sílẹ̀ fún koríko àti ìpẹtà fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Irin gbígbé kò béèrè pápá. Yàrá kan tó, pẹ̀lú pátákó tí ó nípọn nílẹ̀, àwọn àwo irin, àti ọ̀pá ti obìnrin, èyí tí í ṣe kílò 15. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tí apá rẹ̀ kò ká èyí, ìbáà ṣe ní Muṣin, ní Sùúrùlérè tàbí ní Yábà.

Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan pe kánsílọ̀ rẹ̀ sí ìpàdé gbangba, kí wọn béèrè iye owó tí a yà sọ́tọ̀ fún eré ìdárayá àwọn ọmọbìnrin lọ́dún yìí. Bí ó bá ní kò sí, kí akọ̀wé kọ èsì náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. A ó nílò ìwé náà nígbà tí ó bá padà wá bẹ̀ wá fún ìbò.