Iná orí, awò àti ọ̀já ara ìbọn ní Òkè-Ògùn: èwo ló wúlò, èwo ni àṣejù?

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní àwọn abúlé tó wà láàárín Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, kì í ṣe ọdẹ fúnra rẹ̀ lèèyàn kọ́kọ́ máa ń rí lójú ọ̀nà oko, iná orí rẹ̀ ni. Yóò máa mì lọ mì bọ̀ lókèèrè bí ìràwọ̀ tó já sínú pápá. Ìgbà tó bá súnmọ́ni tán la ó tó rí ìbọn tó wà léjìká rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbọn náà kì í ṣe ìbọn lásán mọ́ láyé ìsinsìnyí. Wọ́n ti fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ wé ìdí rẹ̀, wọ́n ti so ọ̀já mọ́ ọn, wọ́n ti de tọ́ọ̀ṣì mọ́ abẹ́ irin rẹ̀, oǹdè sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ tí owó wà lọ́wọ́ wọn díẹ̀ tún ti ń wá awò awọ̀nàjíjìn àti iná pupa tí wọ́n rí nínú fíìmù òyìnbó kiri, pé àwọn fẹ́ fi sórí ìbọn tiwọn náà. Ẹni tó bá rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lè rò pé ìyàwó ni wọ́n ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o. Ìbọn tí à ń wí yìí kì í ṣe ti ẹran ìgbẹ́ nìkan mọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2020 ni ọ̀pọ̀ baálé ilé ní agbègbè náà ti sọ ìbọn ọdẹ di ohun ìṣọ́lé. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n pa Ọ̀mọ̀wé Fatai Aborode ní Ìgangan, ní Ìbàràpá tó múlé gbe Òkè-Ògùn. Kò tí ì pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn agbébọn fi ya wọ ìlú kan náà lóru, ní ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2021. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì dáná sun ààfin ọba. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà ni ti ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà ní Ọ̀wọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Eruku, ní ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Kwara yìí kan náà ló bá Òkè-Ògùn pààlà lápá kan, orílẹ̀-èdè Benin ló wà lápá kejì, igbó ọba Ọ̀yọ́ Ilé sì tẹ́ rẹrẹ sáàárín. Ta ni yóò bá baálé ilé tó gbé ìbọn rẹ̀ sẹ́bàá ibùsùn jà?

Kí a tó dá ẹjọ́ ohun tó wà lára ìbọn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ìbọn tí òfin gbà fún wa. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ni a ṣì ń lò ní Nàìjíríà. Òfin náà pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó ka léèwọ̀ fún ará ìlú: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ìléwọ́, ìbọn àwọn ológun àti irú wọn. Èkejì ni èyí tí ọlọ́pàá lè fúnni níwèé àṣẹ rẹ̀, irú bí ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó ń lo kátíríìjì. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà tí à ń ti ẹnu rẹ̀ rọ ẹ̀tù sí, tí òun náà ń fẹ́ ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ìbọn póńpó tó gbajúmọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ kò sí nínú ìsọ̀rí kejì yẹn, nítorí òfin náà dìídì yọ ìbọn ọlọ́ta-wẹ́wẹ́ tó bá ní ẹ̀rọ tí ń ki ọta tuntun sípò kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé òfin ní Òkè-Ògùn, ṣakabùlà tàbí ẹlẹ́nu méjì ni yóò gbé kọ́ ògiri. Ẹni tó ń bọ̀ wá ká a mọ́lé kò bèèrè òfin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, AK-47 ló gbé dání.

Lójú tèmi, ibẹ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ìṣelọ́ṣọ̀ọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí apá èèyàn kò ká ìbọn mìíràn, yóò máa lẹ nǹkan mọ́ èyí tó ní. Kì í ṣe fáàrí ló fà á, ẹ̀rù ni. Àmọ́ ẹ̀rù kì í sọ fúnni èyí tó wúlò nínú ohun tí à ń rà.

Ẹ wo ti awò awọ̀nàjíjìn. Ìbọn tí wọ́n ṣe é fún ni èyí tí inú irin rẹ̀ ní ìlà yíyípo, tó ń mú kí ọta kan ṣoṣo lọ ní títọ́ dé ọ̀nà jíjìn. Inú ṣakabùlà dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ ní tirẹ̀, ọta wẹ́wẹ́ tó ń ti ibẹ̀ jáde sì máa ń fọ́n ká bí àgbàdo tí a dà fún adìẹ. Tó bá ti kọjá bí ogójì mítà, agbára rẹ̀ ti ń tán lọ. Nínú ilé ńkọ́? Láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé ẹnu ọ̀nà òde lè má ju mítà mẹ́wàá lọ. Ńṣe ni awò bẹ́ẹ̀ ń sé ojú mọ́ èèyàn, tí kò ní rí ẹni tó ti ẹ̀gbẹ́ kejì yọ. Ti iná pupa náà kò yàtọ̀: bí ẹ̀tù bá ti bú lẹ́ẹ̀kan, èéfín funfun yóò bo ojú pátápátá, iná pupa kò sì ní rí ibi kankan tọ́ka sí mọ́. Kí a má parọ́, owó dànù ni.

Ti ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀. Àwọn bàbá wa lo àtùpà kábáìdì. Bí òkúta ni kábáìdì rí; tí omi bá ń kán sí i lára, afẹ́fẹ́ tó ń jó geere yóò máa ti inú rẹ̀ jáde, wọn á fi páànù dídán sẹ́yìn iná náà, wọn á dè é mọ́ iwájú orí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ojú ẹran hàn. Ojú ọ̀pọ̀ ẹran ìgbẹ́ ní awọ kan lẹ́yìn tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, ojú èèyàn kò ní in. Ọdẹ tó mọṣẹ́ á wo àwọ̀ ojú náà, á wo bí ojú méjèèjì ṣe jìnnà síra, á wo bó ṣe ga tó sí ilẹ̀, kó tó mọ̀ bóyá ìgalà ni tàbí ewúrẹ́ aládùúgbò. Ẹni tí ìkánjú mú, tó rí i tí koríko mì, tí kò rí ojú kankan, tó sì yìnbọn, irú wọn ló ń pa ọdẹ ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìròyìn ọdẹ tó pa èèyàn nítorí ó rò pé ẹran ni kì í ṣe tuntun létí ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn nílẹ̀ wa.

Àwọn tó ń rojọ́ pé iná orí tuntun tó ń lo bátìrì ti ba iṣẹ́ ọdẹ jẹ́ gbàgbé ohun kan: iná gidi ló ń jó lára àtùpà kábáìdì, ẹ̀tù ló sì wà nínú apó ẹni tó dè é mọ́rí. Ọdẹ á tẹrí ba láti ki ìbọn, ọwọ́ iná á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀tù. Iná bátìrì ti mú ewu yẹn kúrò, oore ńlá sì ni.

Nínú ilé, ìmọ́lẹ̀ tún wá ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ní aago méjì òru lè jẹ́ olè. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀, tí mọ́tò bà jẹ́ mọ́ lọ́nà. Ó sì lè jẹ́ Fúlàní aládùúgbò tó ti ń báni gbé láti ogún ọdún, tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí lọ́wọ́. Awò kò lè sọ èyí tó jẹ́ fún baálé ilé, oǹdè kò lè sọ ọ́, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́.

Ibi tí a so ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ wá ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Iná tó wà lórí ń tẹ̀lé ojú. Ibi tí mo bá wò ló ń mọ́lẹ̀ sí, ìbọn mi lè dojú kọ ilẹ̀ títí n ó fi mọ ohun tí mò ń wò. Tọ́ọ̀ṣì tí a dè mọ́ abẹ́ ìbọn kò rí bẹ́ẹ̀. Kí n tó lè fi wo nǹkan, mo ní láti kọ́kọ́ na ìbọn sí nǹkan náà. Bó bá jẹ́ ọmọ mi ló jáde lọ tọ̀, orí ọmọ mi ni mo ti na ìbọn kíkì sí yẹn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ta irú tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ fún ìbọn ìṣọ́lé, àwọn náà ń jiyàn lé e lórí. Ní ọdún 2010, ní ìlú Plano ní ìpínlẹ̀ Texas, ọlọ́pàá kan tó sọ pé tọ́ọ̀ṣì ara ìbọn òun lòun fẹ́ tàn ló yìnbọn, ó sì pa èèyàn. Bí ọlọ́pàá tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ bá lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ká retí lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí lójú oorun? Lóòótọ́, iná orí ní àléébù tirẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ pani ti mọ ibi tí orí wà. Ìdí nìyẹn tí iná tí a gbé sára ògiri òde, tó ń tan sí ẹni tó ń bọ̀, tí onílé sì dúró sínú òkùnkùn, fi dára ju méjèèjì lọ.

Ti ọ̀já kò gba àròyé. Ó ń jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì ṣófo láti gun igi tàbí láti gbé ọmọ sá, ó wúlò. Rọ́bà ìdí ìbọn náà dára, torí òógùn. Ní ti oǹdè, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Ohun tí mo rí ni pé èyí tí wọ́n so sítòsí ibi tí à ń fà lè há síbẹ̀, kó sì yin ìbọn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ẹ sún un lọ sí ìdí ìbọn.

Àwọn kan á ní ṣebí ìbọn tó dára ló ṣẹ́gun fún àwọn baba wa. Òótọ́ ni pé nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìbọn ìgbàlódé tí à ń ti ẹ̀yìn ki ọta sí ran Èkìtì Parapọ̀ lọ́wọ́ láti dúró níwájú Ìbàdàn. Ìbọn mìíràn nìyẹn o, kì í ṣe ṣakabùlà tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ní Òkèhò àti Ìsẹ́yìn ní 1916, nígbà tí àwọn èèyàn dìde sí ìjọba amúnisìn, akíkanjú wọn kò kéré, àmọ́ ìbọn ọdẹ kò lè dojú kọ ti ìjọba. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló wà nílẹ̀ lónìí. Wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kínní ọdún 2020. Nígbà tó di 2022, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó ti di olóògbé báyìí, ń pariwo pé kí ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn ìgbàlódé. Àríyànjiyàn yẹn, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn gómìnà ló ni ín. Awò tí ọmọ kékeré kan rà kò lè yanjú rẹ̀.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo àfikún ni èyí tí kò hàn sójú: ẹ̀tù àrọjù. Ẹlòmíràn á rọ ìlọ́po méjì ẹ̀tù sínú ìbọn tí alágbẹ̀dẹ fi páìpù lásán rọ, pé kó lè bú dáadáa. Ìbọn náà á bú lóòótọ́, ọwọ́ ẹni tó yìn ín ni yóò bú mọ́.

Ohun kan tún kù. Ṣakabùlà tí wọ́n bá ti ki, kò rọrùn láti tú. Yíyìn dànù ni wọ́n sábà máa ń yìn ín. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń sùn ní kíkì nínú yàrá tí àwọn ọmọ ń ṣeré wọ̀. Ọdẹ tó gbọ́n kì í fi ẹ̀tù etí ìbọn síbẹ̀ títí dìgbà tí ìlò bá dé, èyí sì ni ààbò kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Mo ti rí ìbọn tí wọ́n so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ní Òkè-Ògùn, mo ti rí èyí tó ní ọ̀já aláràbarà, mo ti rí èyí tí owó ẹyọ bo ìdí rẹ̀. N kò tí ì rí ẹyọ kan tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì.